ILÉ AHUN TÍ KÒ GBA AHUN: Bí awakọ̀ ṣe lè rí àyè jókòó nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó há

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì dé ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ọkùnrin gìrìpá kan tí ó ń fún ara rẹ̀ wọ inú Volkswagen kékeré nì, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá, yóò gbà pé òwe náà bá ọkọ̀ wí gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ẹranko wí. Orúnkún rẹ̀ a máa gbún sítíárín, orí rẹ̀ a máa kan òrùlé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ a sì máa há mọ́ ara ilẹ̀kùn. Bí ó bá sì tó àkókò láti sọ̀kalẹ̀, a dàbí ẹni tí wọ́n ń fà yọ nínú kòtò.

Àwọn tí ń wòran a máa fi í ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò àti ní àwọn ìlú mìíràn tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́, a kò lè ṣàìrí ilé tí ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà. Baálé ilé kò fẹ́ tà á, bóyá nítorí pé ogún bàbá rẹ̀ ni, bóyá nítorí pé òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rà. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di àpatì ní gbogbo ìgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara olówó rẹ̀ ni kò gba inú rẹ̀ mọ́: ikùn ti yọ, ẹ̀yìn ti le, orúnkún kò sì ṣeé ká mọ́ bí ó ti ń ká nígbà èwe. Ọ̀nà wà tí a lè gbà wá àyè sí i láìba ọkọ̀ jẹ́, láìsì fi ẹ̀mí wewu.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI ṢE WỌ́N NÍ KÉKERÉ

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n awakọ̀ ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí kọ́kọ́ rò. Ìwọ̀n owó àti ìwọ̀n epo ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó kò sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Yúróòpù, irin ṣọ̀wọ́n, epo sì ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí yóò gba ènìyàn mẹ́rin lórí irin díẹ̀ àti epo díẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Morris Minor han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Earls Court, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Alec Issigonis ni ó ṣe ètò rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Issigonis wo ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ó rí i pé ó tín-ín-rín jù. Ó ní kí wọ́n fi ayùn là á sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n sì máa ti abala méjèèjì kúrò lára wọn díẹ̀díẹ̀ títí ojú òun yóò fi gbà á. Ìnṣì 4 ni ojú rẹ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìnṣì 4 kún ìbú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì Morris Minor dáadáa yóò rí ọ̀já pẹlẹbẹ tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá, àpá ayùn ọjọ́ náà ni. Àwọn bọ́ńpà tí wọ́n ti rọ sílẹ̀ kò sì ṣeé dà nù, nítorí náà wọ́n gé wọn ní àárín, wọ́n sì fi èèkù irin dí àlàfo náà. Ọkọ̀ yìí ni ó di takisí ní ojú títì Èkó ní àwọn ọdún 1950 àti 1960.

Issigonis kan náà ni ó ṣe Mini. Ní ọdún 1956, ìjà Suez mú kí epo wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìjọba ń pín in ní ìwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ BMC ní kí ó ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní jẹ epo. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni ọkọ̀ náà jáde. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, táyà rẹ̀ jẹ́ oníìnṣì 10. Issigonis dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ìbú, ó sì fi jíà sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú gígùn ọkọ̀ lè jẹ́ ti àwọn èrò. Fún èrò, àyè wà. Awakọ̀ ni ìyà jẹ: sítíárín rẹ̀ dùbúlẹ̀ bí ti bọ́ọ̀sì, àga sì sún mọ́ iwájú jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn.

Ìjàpá ni ó bá tiwa jù. Ferdinand Porsche ni ó ṣe ètò rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní àwọn ọdún 1930. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó, ní ọdún kan náà tí ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tí ìjọba sì san owó Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ni ó di ọlọ́kọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, ní ìlú Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní gbogbo àgbáyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tí ó ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ìbú rẹ̀ ní ìta tó mítà kan ààbọ̀ àti díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìbòrí táyà tí ó yọ síta bí èjìká ni ó gba púpọ̀ nínú ìbú náà. Ohun tí ó kù fún ìgbápá ènìyàn nínú ọkọ̀ kò tó bí ó ti rí lójú.

EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Bí ó bá ṣe pé ìnira nìkan ni, a bá ní kí olúwarẹ̀ fi ara dà á. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ há sábẹ́ sítíárín kò lè tètè kúrò lórí tọrótù bọ́ sórí búréèkì. Ọkọ̀ tí ó ń sá ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré, ọkọ̀ ti lọ mítà 11 sí i kí búréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mítà 11 ju gígùn yàrá mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ọmọ tí ó sáré sójú títì lè wà láàrin rẹ̀.

Èkejì ni ti ọ̀pá sítíárín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe kí ó tó di ọdún 1967, irin líle kan ṣoṣo ni ọ̀pá náà. Kò ní ibi tí ó ti lè ká wọnú ara rẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí àyà awakọ̀ ṣe sún mọ́ ọn tó ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀kẹta ni ti ìrìn àjò jíjìn. Ẹni tí ó ká ẹsẹ̀ kò láti Jọ́ọ̀sì títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ láìdúró lójú ọ̀nà lè bá ẹsẹ̀ wíwú àti ẹ̀yìn dídùn délé, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá pẹ́ jù lórí ìjókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtìjú ni láti tún ọkọ̀ ṣe nítorí ara. Ọkọ̀ eré ìje Ford GT40 gba orúkọ rẹ̀ láti inú gíga rẹ̀, tí kò ju ìnṣì 40 lọ. Dan Gurney, ọmọ Amẹ́ríkà, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ìnṣì 4, akoto orí rẹ̀ kò sì gba abẹ́ òrùlé. Wọ́n ṣe ìkókó kan sí òrùlé ọkọ̀ náà ní ibi tí orí rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, òun àti A. J. Foyt fi ọkọ̀ oníkókó náà gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé.

KÍ A KỌ́KỌ́ WỌN ÌWỌ̀N

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà, kí awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà tí ó fi ń wà á, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa, kí ẹlòmíràn sì fi tépù wọn ibi mẹ́rin: àárín orí àti òrùlé, àárín orúnkún àti sítíárín, àárín àyà àti sítíárín, àti àárín ẹsẹ̀ àti pẹ́dà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tí ó kù díẹ̀ káàtó ni yóò sọ iṣẹ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Àmì ìjókòó tí ó dára kò ṣòro. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀, kò gbọdọ̀ na gbọọrọ. Bí ó bá na apá méjèèjì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé orí sítíárín láìjẹ́ pé èjìká rẹ̀ kúrò lára àga. Ìkúùkù kan gbọ́dọ̀ lè gba àárín orí rẹ̀ àti òrùlé. Ọkọ̀ tí ó bá kọjá àdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ohun tí a ń tún ṣe lára rẹ̀.

ÀGA NI KÍ A FI BẸ̀RẸ̀

Iṣẹ́ tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Irin tí àga ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lórí rẹ̀ a máa dípẹtà, iyẹ̀pẹ̀, èèpo ẹ̀pà àti owó kọ́bọ̀ a sì máa kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó gbà pé àga òun kò lè sún sẹ́yìn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ni ó dì í mú. Kí a yọ àga, kí a fi kẹrosíìnì fọ irin náà, kí a fi gíríìsì pa á, kí a sì wò ó bóyá àga yóò dé òpin ibi tí àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí ó dé.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wo fóòmù. Àwọn tí ń rán àga ọkọ̀ a máa fi fóòmù tí ó nípọn jù sí i, kí àga lè wú lójú. Bí a bá yọ ọ́, tí a sì fi èyí tí ó le díẹ̀ tí ó sì fẹ́lẹ́ dípò rẹ̀, awakọ̀ lè lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Sẹ̀ǹtímítà 5 náà ni orí rẹ̀ yóò jèrè lókè, òun náà sì ni itan rẹ̀ yóò jèrè lábẹ́ sítíárín.

Bí èyí kò bá tó, irin agbéga wà, èyí tí a ń fi bóòtù dè mọ́ abẹ́ àga láti gbé e sẹ́yìn ju ibi tí ihò àtijọ́ gbà á dé lọ. Àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara Mini máa ń ní in lọ́jà. Jórinjórin tí ó mọṣẹ́ lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí ó bá lo irin tí ó nípọn, tí ó sì lo àwọn ihò bóòtù tí ó ti wà nílẹ̀ dípò kí ó jó irin mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀ tí ó fẹ́lẹ́. Kí olówó ọkọ̀ rántí pé ohun tí iwájú bá gbà, ẹ̀yìn ni yóò san án. Ẹni tí ó ń gbé ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ìwé kò lè ṣe bí ẹni tí ó ń dá nìkan rìn.

Ti Ìjàpá gba àkíyèsí ọ̀tọ̀. Bí a bá ti àga kọjá ibi tí ìdènà rẹ̀ wà, ó lè bọ́ kúrò lórí irin pátápátá. Àga tí ó bá bọ́ sẹ́yìn nígbà tí awakọ̀ ń gun òkè yóò mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí sítíárín, yóò sì mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí búréèkì. Nítorí náà, kí ìdènà wà níbẹ̀, kí èyín tí ń di àga mú sì wọnú ihò rẹ̀ ṣinṣin.

SÍTÍÁRÍN ÀTI PẸ́DÀ

Àwọn kan a máa yọ sítíárín ńlá, wọn a fi kékeré dípò rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní iye tí a ń san. Bí a bá yọ èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí a fi oníwọ̀n 35 dípò rẹ̀, itan yóò jèrè sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Agbára tí ọwọ́ yóò fi yí i yóò sì fi ìdá kan nínú méje lé sí ti àtẹ̀yìnwá, nítorí pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní ohun tí ń ran ọwọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí èjìká ń dùn kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Bí ó bá jẹ́ pé àyà ni ó sún mọ́ sítíárín jù, èyí tí àárín rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dára ju èyí tí ó yọ síta bí ọpọ́n lọ.

Nínú Mini, irin kékeré kan wà tí a ń fi sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti fa orí ọ̀pá sítíárín wálẹ̀, kí ó má baà dùbúlẹ̀ bí ti bọ́ọ̀sì mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń kùnà ni pé òkè nìkan ni wọ́n ń fà, wọn kì í tú ìdè tí ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá. Ọ̀pá náà yóò máa fúnra pọ̀, sítíárín yóò sì le. Kí a tú ìsàlẹ̀, kí a tò ó bá igun tuntun, kí a tó dè é padà. Kí ẹni tí ń ra ẹ̀yà ara sì wo apá tí sítíárín ọkọ̀ rẹ̀ wà, nítorí pé apá ọ̀tún ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a rà ní Nàìjíríà kí ó tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí fi apá òsì títì sílẹ̀ tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún.

Ní ti ẹsẹ̀, ihò táyà iwájú ni ó gba àyè lọ́wọ́ awakọ̀ nínú Mini àti nínú Ìjàpá, ìdí nìyí tí àwọn pẹ́dà fi yà sí àárín ọkọ̀, tí awakọ̀ sì ń jókòó bí ẹni tí ó yí ìdí sí ọ̀nà kan. A kò lè mú ihò táyà kúrò, ṣùgbọ́n a lè yan bàtà. Bàtà tí ó ṣe pẹ́ẹ́rẹ́, tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ó sì di gìgísẹ̀ mú ni ó yẹ. Sálúbàtà lè há sábẹ́ búréèkì. Agbádá pẹ̀lú kò yẹ lára ẹni tí ń wakọ̀ kékeré. Kí ó bọ́ ọ, kí ó fi kọ́ ẹ̀yìn, kí ó tún un wọ̀ bí ó bá dé òde àríyá.

Kì í ṣe ẹni gíga nìkan ni ọkọ̀ àtijọ́ ń yọ lẹ́nu. Ẹni kúkúrú ní láti sún mọ́ sítíárín kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé pẹ́dà, àyà rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá líle nì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi igi tàbí irin tí a de bóòtù mọ́ ojú pẹ́dà sún pẹ́dà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a fi okùn so, tí ó lè tú nígbà tí a bá tẹ búréèkì lójijì.

TI ÀWỌN ÀGBÀ

Fún àgbàlagbà tí làkúrègbé ti mú orúnkún rẹ̀, wíwọlé àti jíjáde ni ó le ju wíwà lọ. Kí ó má ṣe kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀. Kí ó kọ ẹ̀yìn sí àga, kí ó fi ìdí jókòó, kí ó sì wá kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Àpò ọ̀rá tí a tẹ́ sórí àga yóò mú kí ìdí yí láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kí ó fà á yọ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ìdí má baà yọ̀ nígbà tí a bá tẹ búréèkì. Bí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ó kọ́kọ́ jáde pọ̀.

OHUN TÍ KÒ YẸ NÍ ṢÍṢE

A kò gbọdọ̀ gé ilẹ̀ ọkọ̀ láti rí àyè. Mini àti Morris Minor kò ní férémù tí ó dá dúró; páànù ilẹ̀ àti ara ọkọ̀ ni egungun wọn. Ẹni tí ó gé e ti ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. A kò gbọdọ̀ jó irin nítòsí epo. Nínú Ìjàpá, iwájú ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an ni táńkì epo wà, abẹ́ àga ẹ̀yìn sì ni bátìrì wà. Kí a yọ bátìrì, kí a sì gbé táńkì kúrò, kí iná tó dé itòsí. A kò sì gbọdọ̀ yọ bẹ́líìtì ìjókòó nítorí pé ó ń fún ikùn.

Gbogbo ẹ̀yà ara tí a bá yọ ni kí a fi epo pa, kí a wé e sínú àpò, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ohun tí a bí i bí pé sí ara rẹ̀ níye lórí ju èyí tí a ti pààrọ̀ rẹ̀ lọ, ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ sì lè má há nínú rẹ̀ bí bàbá ṣe há. Àwọn tí ó wà ní òkè ọya kò ní láti dé Ládìípọ̀ ní Èkó kí wọ́n tó rí oníṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ irin wà ní Pantẹ́kà ní Kàdúná, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà ní Kofar Ruwa ní Kánò, abúlé àwọn mẹkáníìkì sì wà ní Apo ní Àbújá.

Bí iṣẹ́ bá parí, pápá gbalasa ni kí a kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ. Kí awakọ̀ tẹ búréèkì lójijì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó yí sítíárín dé òpin sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ó sì wò ó bóyá àga mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí mẹkáníìkì tún fún gbogbo bóòtù náà.

Bí a bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tí orúnkún ṣì ń gbún sítíárín, kí olówó ọkọ̀ gbà pé ara ni ó kọ̀. Kí ó fa kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó gba inú rẹ̀ lọ́wọ́, kí òun sì jókòó ní apá kejì, níbi tí kò ti sí sítíárín tí yóò bá orúnkún rẹ̀ jà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.